Àwọn Tí Ẹ Ń Pè Ní Ariwo Ọjà

Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun ètò kọ̀ǹpútà kan bá jáde, tí àwọn tó ń lò ó bá kígbe pé kò dára, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ará àtijọ́ ni wọ́n, ó máa mọ́ wọn lára." Wọ́n á tún fi òwe tì í lẹ́yìn pé ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Àwa ò gbà. Àwọn tí ẹ ń pè ní ariwo ọjà yìí gan-an ni ẹ ń bá nájà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Winamp. Láti 1997 tí Justin Frankel àti Dmitry Boldyrev ti gbé e jáde ni àwọn tó ń gbọ́ orin MP3 lórí kọ̀ǹpútà ti fẹ́ràn rẹ̀, torí ó kéré, ó sì yá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Nullsoft gbé ẹ̀dà kẹta jáde. Wọ́n tún un kọ láti ìpilẹ̀ ni. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń wọ́ bí ìgbín lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, ọ̀pọ̀ àfikún tí àwọn èèyàn ti kó jọ fún ẹ̀dà kejì kò sì bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn bá padà sí ẹ̀dà kejì. Nullsoft gbọ́ ìgbe wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, wọ́n fo ẹ̀dà kẹrin dá, wọ́n gbé ẹ̀karùn-ún jáde, torí eéjì pẹ̀lú ẹẹ́ta ló di aárùn-ún. (Ìṣirò yẹn dùn mọ́ wa nínú o.) Egungun ẹ̀dà kejì, aṣọ ẹ̀dà kẹta. Àwọn tó kọ ẹ̀kẹta gba ẹ̀karùn-ún tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn náà lẹ fẹ́ pè ní ọ̀tá àyípadà?

Ohun tó gbà wọ́n ni pé ọ̀nà àbọ̀ wà. Ẹ̀dà kejì ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè wọlé lóru wá kó o lọ.

Lóde òní ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Sonos ní Amẹ́ríkà gbé áàpù tuntun jáde fún àwọn tó ra sípíkà wọn. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ pòórá, títí kan títo àkókò tí orin máa dákẹ́ fúnra rẹ̀ téèyàn bá ti sùn. Àwọn afọ́jú, tí fóònù máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún, ké gbàjarè pé áàpù náà kò ṣeé lò fún àwọn mọ́. Patrick Spence, ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, tọrọ àforíjì ní oṣù keje. Nígbà tí àwọn èèyàn ní kó dá áàpù àtijọ́ padà, ó ní àwọn ti dán an wò, yóò kàn dá kún ìṣòro ni. Sípíkà tí wọ́n fowó ara wọn rà! Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2025, Spence ti fipò sílẹ̀.

A mọ èsì yín: ẹ̀dà àtijọ́ ní ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí ẹ di àtúnṣe ààbò mọ́ aṣọ tuntun nínú ẹrù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti rí i pé gbogbo ìgbà tí òun bá gba àtúnṣe ni wọ́n ń yọ nǹkan lọ́wọ́ òun yóò pa gbogbo rẹ̀ tì, ihò náà á sì wà níbẹ̀. Ká má tíì sọ ti dátà tí àwa ń rà ní ẹ̀bù-ẹ̀bù, tí àtúnṣe tí a ò pè máa ń jẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ní École Centrale Paris, ló bẹ̀rẹ̀ VLC ní 1996. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù fún iṣẹ́ àṣekágbá yín lọ́dún yìí, kí ẹ tó yọ bọ́tìnnì kankan, ẹ wá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ẹ bi í. Kí ẹ sì fi ọ̀nà àbọ̀ sí i. A máa wá dán an wò.