Ẹ Fi Bọ́ọ̀lù Ilé-Ìwé Sílẹ̀ fún Ọmọ Ilé-Ìwé

Olóòtú,

Mo fẹ́ fi ẹjọ́ kan sun àwọn òbí ẹgbẹ́ mi, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹjọ́ náà kan èmi alára, n kò sì ní fi ọwọ́ bo tèmi mọ́lẹ̀.

Òkè-Àgò Òwu ni mo ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mi wà ní ilé-ìwé girama kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Nígbà tí sáà ìdíje bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ka àwọn ọmọ wa sí. Erùpẹ̀ pupa àti òkúta ni pápá wọn. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta wa. Mẹ́ta nínú wọn ni kò ní bàtà bọ́ọ̀lù rárá. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí aago mẹ́rin bá ti lù, orí pápá lẹ máa bá wọn.

Ọmọ aládùúgbò mi ló ń wọ nọ́ńbà 7. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi kéèyàn máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ náà borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, 2-1. Wọ́n borí nínú ìkejì. Pẹnáritì ni wọ́n fi yege nínú ìkẹta, a sì gbé aṣọ́lé wa léjìká dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Bó ṣe ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ká dé àṣekágbá, ìròyìn dé pé ilé-ìwé tí a fẹ́ bá gbá ti háyà agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ní irùngbọ̀n àwọn kan nínú wọn ju ti tíṣà lọ. Ni àwa òbí mélòó kan bá jókòó lálẹ́. Ẹnì kan ní, "Tí ẹni ẹlẹ́ni bá gbé ìbọn, ẹ ò lè fi kùmọ̀ pàdé rẹ̀." Gbogbo wa ní òótọ́ ni. A dá owó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lèmi dá. A sì háyà ọkùnrin mẹ́ta. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Kútọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú wà nínú wọn!

Lọ́jọ́ náà, wọ́n gba jẹ́sì nọ́ńbà 7 lọ́rùn ọmọ aládùúgbò mi, wọ́n gbé e wọ ọlọ́kadà. Wọ́n ní kí ọmọ náà máa gbé omi. Ó wo ojú mi, n kò lè wo ojú rẹ̀.

A jẹ wọ́n ní góòlù 3 sí òdo. Ijó ni wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ẹjọ́ fi dé iwájú àwọn tó ń bójú tó ìdíje. Wọ́n bi ọlọ́kadà pé, "Kí lorúkọ tíṣà kíláàsì rẹ?" Ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n bi tọ̀hún náà, kò mọ tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe lé ilé-ìwé méjèèjì nìyẹn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò dé pápá mọ́. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀yin àgbà lẹ ní a ò tó."

Àwọn kan á ní kí ló tún ń dùn mí, ṣebí gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 1989, nígbà tí FIFA fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì pé a kò gbọ́dọ̀ kópa nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, torí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí èyí tí a ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ ká gbà lálejò, Pọ́túgà ló bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí kò pa irọ́ kankan ni wọ́n jìyà rẹ̀. Nígbà tó di 2009 tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ ni FIFA fi ń wo egungun ọrùn-ọwọ́ ọmọ. Ṣé ibi tó yẹ ká bá ara wa nìyẹn? Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú bọ́ọ̀lù ilé-ìwé nirú irọ́ yìí ti ń gbó.

Ẹ wò ó, ní 1980 tí a kọ́kọ́ gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá wa, ló gbá méjì wọlé nínú góòlù mẹ́ta tí a fi na Àlùjéríà. Henry Nwosu, tó ti St. Finbarr's College l'Ékòó wá, wà nínú ikọ̀ yẹn, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ká ní wọ́n ti gba jẹ́sì lọ́rùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé fún àgbàlagbà, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Bó bá jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún la fẹ́ wò, ó ní àyè tirẹ̀. Abiola Babes ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, inú gbogbo Ẹ̀gbá sì dùn. Ìyẹn kì í ṣe ilé-ìwé.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àti fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀ látinú rẹ́jísítà, kí pírínsípà fọwọ́ sí i, kí ilé-ìwé kejì sì rí i kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì, ẹ yéé ṣe ìdíje tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan á palẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yẹn ló kó sí àwa àgbà lórí. Bí ilé-ìwé mẹ́fà tó wà nítòsí ara wọn bá ń gbà á nílé àti lóde, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbá bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká fi owó ra bàtà àti bọ́ọ̀lù, ká yéé fi háyà èèyàn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra bàtà bọ́ọ̀lù òkìrìkà kan, mo gbé e lọ fún ọmọ aládùúgbò mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òbí Kan,
Òkè-Àgò Òwu, Abẹ́òkúta.