Iye Owó Ajílẹ̀ àti Ìṣirò Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ènìyàn wa, a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìgboro, láti Dùgbẹ̀ títí dé Ring Road, pé agídí ni kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ lo ajílẹ̀ òyìnbó tó. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Olúwa wa sọ nípa ẹni tí ń fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ pé kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àgbẹ̀ ń ṣe. Ó ń fi iye owó ajílẹ̀ wé iye tí a ó ra àgbàdo rẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Bí kílò kan oúnjẹ ilẹ̀ bá gba owó kílò àgbàdo 5, tí ó sì fi kílò 10 kún ìkórè, èrè ń bẹ. Bí ó bá gba owó kílò 12, òfò ni. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ fi owó ra òfò?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pinnu ní Àbújá pé oúnjẹ ilẹ̀ tí a ń lò lórí hẹ́kítà kan yóò ti kílò 8 di 50 kí ó tó di 2015. Ọdún náà kọjá, ìpinnu kò ṣẹ. Ní 2012, ìjọba bá àgbẹ̀ san ìdajì owó àpò méjì. Ṣùgbọ́n ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ní 2022 gbé owó ajílẹ̀ ga káàkiri ayé, náírà sì já wálẹ̀ ní 2023.

Ìrànlọ́wọ́ dára, ṣùgbọ́n bí ajílẹ̀ bá dé lẹ́yìn ìgbà tí a nílò rẹ̀, tàbí tí owó àgbàdo bá wálẹ̀ nígbà ìkórè, asán ni. Nítorí náà, kí ìjọba kó ajílẹ̀ dé ṣáájú òjò, kí ó sì tún ọ̀nà oko ṣe, kí irè wa lè dé ọjà.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ má ṣe wo àpò; oúnjẹ inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àpò yúríà oníkílò 50 ní kílò 23 N, èyí tí ń mú ewé dúdú minimini. Àpò NPK 15-15-15 ní kílò 7½ N, pẹ̀lú oúnjẹ méjì mìíràn. Bí N nìkan ni ilẹ̀ ń fẹ́, ẹ fi èyí ṣírò kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Moor Plantation. Ẹ má sì ṣe gan ìgbẹ́ adìẹ: ìdọ̀tí ọjà Bódìjà ni a fi ṣe ajílẹ̀ Pacesetter ní Ìbàdàn níhìn-ín.

Ilẹ̀ tí a ń kórè lọ́dọọdún láì bọ́ ọ, ogún àwọn ọmọ wa ni à ń jẹ.