Àṣẹ Ọ̀gá, Ẹ̀bi Akọ̀wé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa jákèjádò Nàìjíríà,

Nígbà tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni akọ̀wé ń kọ ètò ọjọ́ ọ̀gá sí, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ̀gá ṣèpàdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni kàlẹ́ńdà ọ̀gá wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àdírẹ́sì í-meèlì rẹ̀ lè fi ìpè sí ìpàdé ránṣẹ́ láti ibikíbi. Nínú ètò Outlook, irú ìpè bẹ́ẹ̀ a máa gba àyè sílẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn sí i. Ta ni ó ń ṣa èyí tí ó wúlò kúrò lára èyí tí kò wúlò? Akọ̀wé ni, òṣìṣẹ́ bí tiwa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí akọ̀wé bá kọ ìpè ẹni ńlá kan, wọn a ní ó rí ènìyàn fín. Bí ó bá gba gbogbo ìpè, ìpàdé méjì a kọlu ara wọn ní wákàtí kan náà, ọ̀gá a sì fún un ní kúẹ́rì. Ẹni tí ó fi ẹnu lásán pàṣẹ lónìí lè sẹ́ àṣẹ náà lọ́la. Nítorí èyí ni a fi ń sọ pé: kí ọ̀gá kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú àṣẹ náà? Èkínní, irú ìpàdé tí akọ̀wé lè gbà lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè, àti irú èyí tí ó lè kọ̀ láìbéèrè.

Èkejì, kí ìpè kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí a fẹ́ jíròrò, ìpinnu tí a fẹ́ ṣe, àti ìdí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá sọ ọ́, kí akọ̀wé dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ rántí pé ìpàdé wákàtí 1 tí ènìyàn 10 jókòó sí, wákàtí iṣẹ́ 10 ni ó gbà.

Ẹ̀kẹta, ìpè láti ọ̀dọ̀ àjèjì: kí akọ̀wé má ṣe tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ó má sì dáhùn, nítorí pé èsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti kíkọ̀, lè fi han gbájúẹ̀ pé ẹnì kan ń lo àdírẹ́sì náà. Google Calendar ní ètò tí kì í jẹ́ kí ìpè ẹni tí a kò mọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá a tò ó.

Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ìpè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sí ìdúnàádúrà kì í ṣe ara ìpè tí a ń gbá dànù. Òfin Àríyànjiyàn Iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé bí ìgbìyànjú láti parí aáwọ̀ bá kùnà, kí tọ̀tún-tòsì pàdé níwájú onílàjà láàrin ọjọ́ 7. Òfin kò dúró de kàlẹ́ńdà tí ó kún. Nítorí náà, kí ó wà nínú àṣẹ náà pé akọ̀wé kò gbọdọ̀ dá ìpè ẹgbẹ́ padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ sì tún fi ìwé ránṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó gba ìbuwọ́lù pé ìwé náà dé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín. Ẹ bi àwọn akọ̀wé tí ó wà láàrin yín léèrè: ta ni ó fọwọ́ sí àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀lé? Bí kò bá sí ìbuwọ́lù, ẹ fi í kún ohun tí ẹ óò bá àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ sọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.