Ẹ Ra Àwọ̀n, Ẹ Má Ra Májèlé

Ẹ̀yin ará Calavi, láti Godomey dé Zinvié, láti Togba dé Akassato, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín ni mo bá wá. Òjò ti ń rọ̀. Ẹ ti gbin tẹ̀tẹ̀, ẹ ti lọ́ gbọ̀ma, àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Lóru, nǹkan kan á wọlé, á jẹ, á tẹ èyí tí kò jẹ mọ́lẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ káwọ́ lérí. Ó dunni, mo gbà. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tí àwọn kan nínú wa ń fi ìbínú náà lọ rà lọ́jà ni mo ṣe ń kọ èyí: májèlé inú ọ̀rá kékeré, tí kò lórúkọ, tí kò ní ìwé ìlò, tí ẹni tó ń tà á yóò kàn wí pé, "Ẹ pò ó mọ́ gàrí, ẹ ó rí i."

Ẹ má rà á mọ́. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá ara wa sòótọ́. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2002, 307,745 ni gbogbo wa ní Abomey-Calavi. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, a ti di 656,358. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín méjèèjì. Ilẹ̀ tí gbogbo èrò yẹn kọ́lé sí, igbó ni, oko ni, àbàtà ni. A sì kọ́ ọ ní kélekèle: ilé kan níhìn-ín, pásẹ́lì mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ra ti apá ọ̀tún wà ní Libreville, ẹni tó ra ti apá òsì wà ní Paris, wọ́n ń retí owó ìpìlẹ̀. Koríko ibẹ̀ ti ga ju àgbàlagbà lọ. Inú koríko yẹn ni ọ̀yà ń sùn, ibẹ̀ ni òkété ń gbẹ́ ihò sí, ibẹ̀ náà ni àwa fúnra wa ń da èérún oúnjẹ sí lálẹ́. A fún ẹranko nílé, a fún un lóúnjẹ, ẹnu wá ń yà wá pé ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa.

Kí ẹ tó náwó kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jà yín lólè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, ẹ wo ojú ibi tó ti jẹun. Bí igi àgbàdo bá gé láti ìsàlẹ̀, tí ojú ibi tó gé dagun bí ẹni pé àdá mímú ni wọ́n fi ṣá a, tí gégélé igi náà sì wà nílẹ̀ káàkiri, ọ̀yà ni. Eyín iwájú rẹ̀ nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lè fi gé igi, kì í ṣe àgbàdo nìkan. Ẹ tẹ̀lé ipa rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà tóóró kan tó gba abẹ́ koríko kọjá, tó sì lọ sí pásẹ́lì ẹni tó wà ní Libreville. Ọ̀yà kì í fẹ́ dúró níbi tí ó mọ́ gbalasa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òkété ní tirẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ń bá wá. Ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, hóró àgbàdo tí kò tíì hù, ẹ̀gẹ́ tó ti ń ta, ìwọ̀nyí ló ń wú. Kì í jẹ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń kó oúnjẹ sínú rẹ̀ lọ tọ́jú sínú ihò. Ẹranko tó lọ́gbọ́n gan-an ni. Ìbátan rẹ̀ ni àjọ APOPO ní Tanzania ń kọ́ láti fi imú wá ohun abúgbàù tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn eku náà, Magawa, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 2020. Ẹ má rò pé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ yóò máa kó sí pańpẹ́ kan náà lójoojúmọ́.

Bí ó bá ṣe pé ọ̀sán ni ẹ̀fọ́ ń ṣòfò, tí ewé ya jákujàku, tí èèpo ara igi ẹ̀gẹ́ sì ti bó, ẹ má wulẹ̀ fẹjọ́ sun ẹranko igbó. Ewúrẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, àgbọ̀nrín ìlú wọn ni ó ń da ọgbà àwọn ènìyàn wa láàmú. Àwọn tó ń gbin ewédú sẹ́yìn ilé ní Maryland ń ṣe ọgbà tó ga tó mítà méjì àbọ̀ nítorí pé ẹranko náà mọ̀ ọ́n fò. Ní Calavi, ewúrẹ́ ni àgbọ̀nrín tiwa, ó sì ní olówó. Olówó rẹ̀ ń gbọ́ mi báyìí. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ so ó. Ẹ já ewé wá fún un níbi tí ẹ so ó mọ́. Ẹran tí ẹnikẹ́ni kò bọ́ tí ó ń sanra, oko ẹlòmíràn ló ń jẹ.

Àgbọ̀nrín gidi kò kúkú ṣàìsí ní ìlú wa o. Ní àbàtà Zinvié, lẹ́bàá odò Sô, ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní sitatunga, ìbátan àgbọ̀nrín gan-an ni. Pátákò rẹ̀ gùn, ó sì là gbàgà, kí ó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Bí ó bá gbúròó ènìyàn, ó lè wọ inú omi lọ, kí ó fi imú nìkan síta. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ àbàtà tí àjọ CREDI-ONG ń bá àwọn ará abúlé dáàbò bò, Àfonífojì Sitatunga. Ó ti ṣọ̀wọ́n ní orílẹ̀-èdè wa. Òfin 2002-16, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ẹranko igbó ní Bẹ̀nẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè máa pa bí ó ti wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko létí àbàtà yẹn, bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ gígùn méjì tó là nínú ẹrẹ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn CREDI-ONG. Ẹ má dẹ okùn sílẹ̀.

Wàyí o, májèlé. Mo ti sọ pé òkété ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gàrí olóró tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé yín lè jábọ́ sí ẹ̀yìn ilé mìíràn, níbi tí adìyẹ ti ń jẹ̀, níbi tí ọmọ ọdún méjì ti ń ṣeré. Ọ̀yà tó jẹ ẹ́ kò ní kú sí ojú kan náà. Yóò rìn, yóò kú sí etí ọ̀nà, ẹnìkan yóò sì rí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹni tó rí òkú ọ̀yà tútù yóò fi ṣe. Yóò dáná sun irun rẹ̀, yóò là á, yóò tà á. Bí ó bá dé inú ọbẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tó pa á? Ajá tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń kọ́? Òwìwí tó ń pa eku lóru ń kọ́? Àti erè kékeré tí àwọn ará Ouidah fi ń ṣe òrìṣà Dangbé, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa kò gbọdọ̀ pa? Eku ni oúnjẹ erè yẹn. Ẹni tó bá fi májèlé pa erè àti òwìwí ti lé àwọn ọdẹ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, eku tí wọn ìbá pa ni yóò sì kún inú ilé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Orílẹ̀-èdè yìí ti rí ohun tí oògùn oko ń ṣe. Ní 1999, ní ìhà Borgou, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, àwọn aláṣẹ fúnra wọn gbà pé ó kéré tán ènìyàn 37 ni endosulfan pa, oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú. Oògùn tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, tí ó ní àpèjúwe lára. Gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò ní 2011 pé kí wọ́n fà á tì. Ní Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àjọ NAFDAC ní láti fòfin de ìgò kékeré oògùn kòkòrò Sniper ní 2019, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe fún oko ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń lò nínú ilé, tí àwọn mìíràn sì ń mu láti para wọn. Ọ̀rá tí kò lórúkọ tí wọ́n ń tà fún yín ńkọ́? Bí ọmọ bá gbé e mì, tí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà yóò bi yín pé kí ni ó jẹ. Kí ni ẹ ó sọ?

Ẹ ṣe ọgbà. Owó kékeré kọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó ná an.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, àdá ni ẹ ó fi ṣe é. Ẹ ṣán koríko yí ebè ká ní ìwọ̀n mítà méjì sí mẹ́ta, kí ilẹ̀ mọ́ gbalasa. Mo ti sọ pé ọ̀yà kì í fẹ́ gba ojú gbalasa kọjá. Lẹ́yìn èyí, àwọ̀n wáyà. Kí ó ga tó mítà kan àti díẹ̀. Ewúrẹ́ wa kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti le. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á fi àwọ̀n kan ilẹ̀, wọ́n á sì lọ. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ẹ ri àwọ̀n mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣẹ́ etí rẹ̀ sí ìta, kí òkété tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ fi orí gbá a. Ojú àwọ̀n náà kò gbọdọ̀ gba ìka mẹ́ta. Àwọ̀n oníke kò wúlò fún ọ̀yà. Yóò jẹ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹni tí owó wáyà kò tó, màrìwò àti ọparun wà. Ẹ hun ún pọ̀ dáadáa, ẹ fi akọ́kọ tàbí làpálàpá ṣe òpó rẹ̀. Igi méjèèjì yóò hù láti ara ẹ̀ka tí ẹ gún mọ́lẹ̀, ọgbà náà yóò sì di alààyè. Ewúrẹ́ kì í jẹ làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àwọn ọmọdé: èso rẹ̀ lóró.

Ẹyẹ ẹ̀gà àti adìyẹ aládùúgbò ń gba òkè wọlé. Ẹni tó bá mọ apẹja kan létí adágún Nokoué lè bẹ̀ ẹ́ fún ògbólógbòó àwọ̀n ẹja, kí ó nà án lé ebè lórí. Kí ó fà á le o, nítorí àwọ̀n tó bá rọ̀ ń mú ẹyẹ àti ejò lẹ́sẹ̀. Fún kábéèjì, àwọ̀n ẹ̀fọn dára gan-an. Àwọn onímọ̀ àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ INRAB àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Faransé dán an wò ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: kòkòrò tó wà lára kábéèjì tó wà lábẹ́ àwọ̀n dín kù gidigidi. Èyí tó ti ya ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa èyí tí ọmọ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ bọ oko, ibà kò ní bi yín léèrè ẹ̀fọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi omi ata àti ewé dóńgóyárò wọ́n ẹ̀fọ́. Ẹ ṣe é, kò burú, ewúrẹ́ kì í fẹ́ òórùn rẹ̀. Òjò kan péré ni yóò ṣan án dànù, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àgbékọ́ tó ń fò lójú oko kò já mọ́ nǹkan kan lójú tèmi. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gà á bà lé e lórí.

Ẹni tó bá sì wí pé ẹran ọ̀yà lòun ń wá ní tòun, ó lè sìn ín. Láti bíi 1980 àti díẹ̀ ni àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Jámánì ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn wa bí a ti ń sin ọ̀yà nínú ilé. Oko Songhaï ní Porto-Novo náà ń sìn ín. Èyí tí ẹ bọ́ fúnra yín, ẹ mọ ohun tó jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pásẹ́lì tí ẹ kò tíì kọ́lé sí, ọwọ́ yín ni ìdajì ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ rán owó sílé, kí wọ́n ṣán an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ pe àwọn tí ilé wọn kángun sí ara wọn, kí wọ́n jọ da owó ọgbà kan pọ̀, dípò kí olúkúlùkù máa lé ẹranko sí ebè ẹnìkejì. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì UAC, ẹ̀yìn ilé wa kò jìnnà sí kíláàsì yín. Ẹ wá fi bí wọ́n ti ń ri àwọ̀n mọ́lẹ̀ han àwọn ìyá wa.

Ẹni tí ọ̀rá májèlé wà nílé rẹ̀ báyìí, kí ó má dà á sí adágún, kí ó má dà á sí ṣáláńgá. Kí ó gbé e sókè síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé, kí ó sì tì í pa, kí ó wá lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe sí i fún un. Òjò kejì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kí ó tó dé, kí àwọ̀n ti wà nínú ilẹ̀.