Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ katakata oko ilé ìwé wa ni mo bá wá. Massey Ferguson 35 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣáàjì bátìrì mọ́. Gbogbo Sátidé là ń tì í kó tó dáhùn. Àwọn kan ní ká yọ dáínámò Lucas rẹ̀ dànù, ká fi alternator mọ́tò sí i. Èmi ò gbà.

Òótọ́ ni pé alternator dára: ó ń ṣáàjì bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ rọra ń ṣiṣẹ́, dáínámò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni katakata fẹ́ fi iná púpọ̀ ṣe? Kò ní AC, kò ní rédíò. Sítátà àti iná iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, ó tán! Dáínámò Lucas C40 ń mú nǹkan bí ampere 22 wá. Ó tó o.

Ohun tó sábà ń ṣe dáínámò kò le. Bẹ́líìtì lè ti dẹ̀, brush inú rẹ̀ lè ti jẹ tán, tàbí kí ìdọ̀tí bo bàbà tí brush ń gùn. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le pẹ̀lú. Ẹ tú wáyà D àti F kúrò, ẹ fi wáyà kékeré so ojú méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi mítà sí àárín wọn àti irin ara dáínámò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Bí mítà bá gòkè tó volt 15 sí 20, dáínámò yè. Rẹ́gúlétọ̀ tàbí wáyà ló ní àrùn. Bí kò bá gòkè, ìgbà yẹn la tó tú u. Ṣé ohun tí a ò tíì yẹ̀ wò la fẹ́ jù nù?

Ẹ má sì gbàgbé: ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ ló so ojú pọ́sítíìfù bátìrì mọ́ irin ara wọn. Bí a bá kàn gbé alternator òde òní lé e láì yí wáyà padà, yóò jóná ni.

Lọ́dún 1985, ìjọba Rivers dá ètò School-to-Land sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè padà sóko. Oko ẹ̀rọ ò lè dúró láìsí ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe. Ní Ikoku níbí, ẹni tó máa ta tuntun fún ọ pọ̀. Àwọn bàbá rewáyà tó mọ dáínámò tú ń darúgbó lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ilé ìwé fún wa ní Sátidé kan péré kí òjò tó dé. Kí wọ́n pe bàbá rewáyà kan, kí àwa SS2 dúró tì í, ká máa wò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí inú rẹ̀ ti jóná pátápátá, mi ò ní jiyàn mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ́ àti àdá ló kù fún àwa ọmọ bọ́dìn o!