Ike Omi Kì Í Ṣe Ilé Kọ́sítíìkì

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi lọ́jọ́ tí ó gbé ike omi kan mu lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ó ti dé, oòrùn ti pa á, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú ike náà mọ́ gaara, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, irú ike náà gan-an ni a sì fi máa ń ra omi fún un nígbàkígbà tí a bá jáde. Kò sí ohun tí ì bá sọ fún un pé kọ́sítíìkì ni. Èmi ni mo dà á síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọṣẹ ni màmá mi ń ṣe. Kọ́sítíìkì sódà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà nípa rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n sí NaOH. Màmá máa ń rẹ ẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì búlúù kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pò ó mọ́ epo. Lọ́jọ́ náà, alábàágbé wa kan ní kí a bá òun bù díẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ fi la ihò balùwẹ̀ tí ó dí. Ike tí mo rí nílẹ̀ ni mo mú. Mo dà á dé ìdajì, mo dé e, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí alábàágbé wa lè rí i mú tí ó bá ti ọjà dé. Àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, onírúurú ẹjọ́ ni àwọn ènìyàn dá. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ayé ni, pé àwọn ọ̀tá ni wọ́n ti ọmọ náà sídìí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọ̀kánjúwà ọmọ náà ti pọ̀ jù, kí ló dé tí ó ń gbé ohun tí wọn kò fún un. Àwọn kan dá màmá mi lẹ́bi pé wọn kò mójú tó ọmọ wọn. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó béèrè pé kí ni kọ́sítíìkì ń wá nínú ike omi. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ béèrè níbí, èmi kò sì ní gbà pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí lọ́wọ́ àwọn ayé.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó pa òwe yìí gbà pé pẹpẹ wà nínú ilé, àti pé ohun kan wà lórí rẹ̀ tí ọmọdé kò lè dá mú. Àwa ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Abẹ́ àga, ẹ̀gbẹ́ garawa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni kọ́sítíìkì ń gbé, nínú ohun tí ọmọ ti mọ̀ sí ohun mímu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí mo rò pé a kò bẹ̀rù rẹ̀ tó. Bí kọ́sítíìkì bá pàdé epo, ó ń sọ epo di ọṣẹ. Ọ̀rá sì wà nínú ẹran ara ènìyàn. Ohun tí ó ń ṣe sí àdí nínú ìkòkò màmá mi náà ni ó ń ṣe sí ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ọmọ: ó ń yọ́ ẹran náà, ó sì ń wọlé lọ, kò dúró sójú kan. Ètè àbúrò mi wú, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, igbe náà kò sì jáde dáadáa.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó padà wálé, a dúpẹ́. A rò pé ó ti tán. A kò mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ inú ọ̀fun lè súnkì bí ó bá ti ń jinná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀bà kò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ìrẹsì kò lọ, ẹ̀kọ mímu ń padà bọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí omi lásán kò kọjá. Àwọn dókítà ṣí ikùn rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí i, ibẹ̀ ni a ń gbà fún un ní oúnjẹ. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ fẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń fẹ̀ díẹ̀, ó tún ń súnkì. Bí a bá ń jẹun, ó máa ń wá jókòó tì wá. Ó fẹ́ràn òórùn ẹ̀fọ́ rírò.

Ọ̀sẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀ ni mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nínú ìdánwò kẹ́mísírì. SS1 ni mo wà nígbà náà. Mo kọ ọ́ pé NaOH jẹ́ álíkálì líle, pé ó ń sọ bébà lítímọ́ọ̀sì pupa di búlúù, pé bí òun àti ásíìdì bá pàdé, iyọ̀ àti omi ni wọ́n ń dà. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé NaOH yìí ni ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì búlúù ilé wa, èmi náà kò sì ronú kàn án. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ bá wa gbé ẹ̀kọ́ náà dé ilé ìdáná. Àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ọṣẹ láàárín ọjọ́ kan náà jẹ̀bi. Màmá mi lọ sí irú rẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní ìwọ̀n epo, ìwọ̀n kọ́sítíìkì, àwọ̀ àti òórùn dídùn. Wọn kò sọ ibi tí a ń tọ́jú èyí tí ó bá ṣẹ́kù.

Àwọn tí ń tà á ńkọ́? Ní ọjà tí a ti ń rà á, ọ̀rá ni wọ́n ń wọn èyí tí ó gbẹ sí, èyí tí wọ́n ti rẹ sì wà nínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣà jọ. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí àwòrán agbárí. Bí ọ̀rá bá sì lu, kọ́sítíìkì gbígbẹ á máa fa omi inú afẹ́fẹ́, á máa ro sílẹ̀. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kẹ́ẹ̀gì wọ́n, àti pé oníbàárà mọ ohun tí òun rà. Lóòótọ́, oníbàárà mọ̀. Ọmọ oníbàárà ńkọ́? Èló sì ni ìwé pélébé tí a kọ MÁJÈLÉ sí? NAFDAC ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lórí kẹ́míkà gẹ́gẹ́ bí ó ti ní lórí oúnjẹ àti oògùn, n kò sì ní kí wọ́n sinmi, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọn kò lè jókòó sí ìdí ìsọ̀ gbogbo. Ìyálọ́jà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyálọ́jà tí ó lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lè bù ú lé ẹni tí ń ta kọ́sítíìkì nínú ike ohun mímu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú fòfin de kọ́sítíìkì. N kò sí lẹ́yìn wọn. Òun ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta sì ń lò ó fún aró adìrẹ. Àwọn mìíràn ní eérú èèpo kòkó ni ìyá àgbà wa fi ṣe ọṣẹ dúdú, wàhálà kankan kò sí. Ẹ má tan ara yín jẹ, omi eérú náà ń jẹ ara. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ní àgọ́ ọlọ́ṣẹ ni ó ń gbé, kì í ṣe inú ohun tí ọmọ ti ń mu omi.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é yí padà, kí ó wo Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kọ́sítíìkì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wọn fún ọṣẹ àti fún ìmọ́tótó, àwọn ọmọ wọn sì ń mu ún bí àbúrò mi ṣe mu ún. Dókítà kan ní Philadelphia, Chevalier Jackson, tí ó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá oníná wo inú ọ̀fun, ni ó ń tọ́jú púpọ̀ nínú wọn. Kò fi mọ sí ìtọ́jú nìkan. Ó bá àwọn aṣòfin fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí òfin fi jáde ní 1927 pé kọ́sítíìkì tí a bá tà fún lílò nínú ilé gbọ́dọ̀ ní orúkọ lára, kí a kọ ọ́ gàdàgbà pé májèlé ni, kí a sì kọ ìtọ́jú tí a ó ṣe bí ó bá ṣeni léṣe. Ní 1970, wọ́n tún ṣe òfin ìdérí tí ọmọdé kò lè tètè ṣí.

Ní ilé wa báyìí, màmá kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú. Inú omi tútù ni wọ́n ń da kọ́sítíìkì sí díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í da omi lé e lórí, nítorí yóò hó, yóò sì ta síni lójú. Wọn kì í lo ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tí ó lè gbaná sì ń jáde. Bí ó bá ta sí ara tàbí ojú, a ó bọ́ aṣọ tí ó bá ta sí, omi tí ń ṣàn ni a ó sì fi ṣan ibẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí a tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ní ti ẹni tí ó bá gbé e mì, epo pupa ni a kọ́kọ́ sáré rọ fún àbúrò mi, mo sì fẹ́ bá àwọn tí ń gba òbí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wí. Epo kò pa kọ́sítíìkì. Ó mú un bì, ohun tí ó jó o lọ sísàlẹ̀ tún jó o bọ̀ wá sókè, epo náà sì lè ṣì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò dára. Ẹ má mú un bì. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti ike náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá rán mi lọ ra kọ́sítíìkì. Ìyá tí ń tà á ti na ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí mi kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú kẹ́ẹ̀gì mi ni kí ẹ bá mi dà á sí.” Wọ́n wo ohun tí mo kọ sí i lára, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé májèlé ni àwọn ń tà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì náà. Ike tí mo kọ̀ ni wọ́n rọ ti ẹni tí ó tẹ̀lé mi sí, obìnrin kan tí ó pọn ọmọ.