Ọdẹ àti Ìwé Àṣẹ Ìbọn

Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí orúkọ ọdẹ kò lè parẹ́ nínú ìtàn wọn, Ìlobùú kò ní gbẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé Erinlẹ̀ ti ṣọdẹ kí ó tó di òrìṣà odò. Lónìí, ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n tó múlé tì í, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ìbọn wọ igbó lóru kì í fi ọdẹ jẹun mọ́. Àgbẹ̀ ni òmíràn, télọ̀ ni òmíràn, olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Ìbọn bàbá wọn, ìjálá àti ẹmu níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ni ìgbádùn wọn.

Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá ni pé kí ìjọba má tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní ìbọn. Ọgbọ́n náà kò jinlẹ̀. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò ka ṣakabùlà, ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, mọ́ èèwọ̀; ìwé àṣẹ ni ó béèrè. Ilẹ̀kùn tí a kò tì ni wọ́n ń fo fèrèsé sá fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rántí pé ọba ló rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ta ni yóò rán ọdẹ tí kò mọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà le ní agbègbè yìí ju ibòmíràn lọ. Ìjà ilẹ̀ ti da ìlú méjèèjì láàmú, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé ní ọdún 2025. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bí agbófinró bá bá ìbọn ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí ni yóò fi mọ̀ pé ìgalà ni onílé ń fi í pa?

Àwọn tó ń bẹ̀rù kò ṣàdédé bẹ̀rù o. Ní ọdún 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí àwọn tó ní ìbọn tí kò bófin mu kó o sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 21. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lónìí lè máa rò pé orúkọ náà ni wọn yóò fi wá òun wá lọ́la. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá lọ. Ẹgbẹ́ ni kí ó lọ, kí Olúọdẹ ṣáájú, kí ọba sì mọ̀ sí i.

Ẹ wo Àmọ̀tẹ́kùn. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ṣí i ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, fi sọ pé kò bófin mu. Àwọn gómìnà kò sá. Wọ́n bá igbákejì ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, jókòó. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí òfin gbé e ró, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin náà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló wọ inú ẹ̀ṣọ́ yìí.

Nǹkan kan tún wà tí ìjọba kò lè rí níbòmíràn. Ọdẹ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹranko kan ti ń tán nínú igbó. Bí kò bá sí níbi tí a ti ń ṣòfin ẹranko, ẹni tó ka nípa igbó nínú ìwé nìkan ni yóò kọ ọ́.

Orólù ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ́n, Ìrẹ́pọ̀dùn ni ti Ìlobùú. Ì bá dára bí ọdẹ ìlú méjèèjì bá lè jọ lọ sí ọ́fíìsì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú orúkọ àti iye ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.